Kí Wèrè Tó Wọ Ọjà

Nínú gbogbo ìpele àṣà ìgbéyàwó Yorùbá, èyí tí a ń ṣe ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ jù lọ ni ìwádìí. Ìfojúsóde ti kọjá, alárinà sì ti ń lọ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó dá ọjọ́ ìtọrọ, àwọn àgbà ilé ọkọ yóò rán ẹnì kan tó mọ ẹnu pa mọ́ lọ sí àdúgbò ìyàwó, ilé ìyàwó náà yóò sì rán tiwọn. Wọn yóò béèrè bóyá olè wà ní ilé náà, bóyá wọ́n ń jẹ gbèsè, bóyá àwọn obìnrin ibẹ̀ ń gbé ilé ọkọ pẹ́. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wá rẹ ohùn sílẹ̀ béèrè àìsàn mẹ́ta: ẹ̀tẹ̀, wárápá àti wèrè. Bí ìdáhùn sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, alárinà yóò kàn ṣe àìwá mọ́ ni. Kò sí ìjà, kò sí àlàyé. Wọn yóò ní Ifá kò fọre, ọ̀rọ̀ náà yóò sì parí síbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo fẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà náà. Láyé àtijọ́, kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kò sí ìwé ẹ̀rí dókítà. Ìwádìí ni ààbò tí òbí ní fún ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà lórí méjì nínú àìsàn mẹ́ta yìí. Ẹ̀tẹ̀ ti di àrùn tí oògùn ń wò sàn pátápátá, pàápàá láti 1981 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a máa lo oògùn bíi mélòó kan pọ̀ fún un. Wárápá kì í ràn, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in ló sì ń lo oògùn tí kò gbé wọn ṣubú mọ́. Wèrè nìkan ni a ṣì ń rẹ ohùn sílẹ̀ fún bí ẹni pé ọdún 1907, tí ìjọba amúnisìn ṣí ilé àwọn asínwín ní Yábàá, ni a ṣì wà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìwádìí yìí ń ṣe nínú ilé tí àìsàn náà ti ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ìgbà tí ọmọ wà láàrin ọdún 15 sí 30 ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ fara hàn, ó sì máa ń tètè yọjú lára ọkùnrin díẹ̀ ju ti obìnrin lọ. Ìgbà yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ń gbóná nínú ilé. Bí àbúrò bá ń bá ògiri sọ̀rọ̀, ta ni yóò wá tọrọ ẹ̀gbọ́n? Ìyá tó ń múra ìdána ọmọbìnrin rẹ̀ kò ní fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn ṣe ń di títì, tí ọ̀ṣẹ̀ ń di oṣù, tí oṣù ń di ọdún.

Àìsàn náà kì í sábà já lu ènìyàn lójijì. Àwọn dókítà ń pè é ní psychosis, ìyẹn ni pé ẹni tó ń ṣe kò lè ya ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ọpọlọ rẹ̀ ń dá sílẹ̀. Oorun ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Ọmọ náà yóò máa rìn kiri inú ilé lóru. Ìwẹ̀ yóò di ogun. Àwọn ọ̀rẹ́ tó ń bá a ṣeré kò ní rí i mọ́. Ó lè kọ oúnjẹ ìyá rẹ̀ nítorí pé ó fura pé nǹkan wà nínú ọbẹ̀, kò sì sí ohun tó dun ìyá tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ipò kìíní nínú ìdánwò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fìdí rẹmi. Lẹ́yìn èyí ni ohùn yóò dé: ó ń gbọ́ ènìyàn méjì tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lórí rédíò, ó ń dáhùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀.

Ilé kì í ṣe aláìrí orúkọ fún ohun wọ̀nyí. Ìwé ló kà jù. Ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ ló já a sílẹ̀. Igbó ló mu. Ayé ló ń ṣe é. Mo gbà pé igbó mímu lè dá kún un, pàápàá fún ọ̀dọ́ tó ń mu ún ní àmujù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tí àìsàn yìí mú ni kò fi ẹnu kan igbó rí. Ibà tó le gan-an àti àwọn àìsàn ara mìíràn náà lè da ọ̀rọ̀ rú mọ́ ènìyàn lẹ́nu, nítorí náà, ẹni tí ara rẹ̀ gbóná tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dàrú, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí a má dúró de ọ̀la. Àwọn mìíràn yóò ní ọdẹ orí ni. Ọdẹ orí yàtọ̀: ẹni tó ń ṣe yóò ní ohun kan ń rìn nínú orí òun, tàbí etí òun ń hó, ìbànújẹ́ àti àníyàn ló sì sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Òun náà ní ìtọ́jú tirẹ̀, kì í ṣe ohun tí a ń sọ yìí.

Èdè wa fi hàn pé àwọn àgbà mọ̀ pé àìsàn yìí ní ìpele. Wọ́n ní wèrè aláṣọ, ìyẹn ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú ṣùgbọ́n tó ṣì wọ aṣọ, tó ṣì ń jẹun nílé, tí ará ìta kò sì lè tọ́ka sí. Wọ́n ní abísínwín, ìyẹn èyí tó ń mú obìnrin lẹ́yìn ìbímọ. Wọ́n sì gbà pé bí wèrè bá ti lè wọ ọjà, kò gbóògùn mọ́. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé òtítọ́ wà nínú rẹ̀, àṣìṣe sì wà nínú rẹ̀.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé àkókò ṣe pàtàkì. Ìwádìí àwọn onímọ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti fi hàn pé bí ó bá ti pẹ́ tó láti ìgbà tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ tí a kọ́kọ́ fún aláìsàn ní ìtọ́jú tó yẹ, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ yóò ti ṣòro tó láti padà bọ̀ sípò. Ọmọ tí a gbé dé ọ̀dọ̀ dókítà ní oṣù kejì kò rí bí ẹni tí a gbé dé ní ọdún kẹta. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé ọjà kọ́ ni ààlà. Ẹni tó ti wọ ọjà náà ń gbóògùn, ó kàn le jù ni. Mo sì rò pé ìgbàgbọ́ yìí gan-an ló ń dẹ́rù ba àwọn òbí: bí wọ́n bá jẹ́wọ́, ó dà bí ẹni pé wọ́n ti fa ọmọ náà lọ́wọ́ wọ ọjà.

Ọmọkùnrin kan wà ní ẹ̀ka wa ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ oríkì ilé wọn ká dé ìran kẹfà. Nígbà tó di ọdún kejì rẹ̀ ní yunifásítì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì, ó sì ní àwọn olùkọ́ ń fi òwe bá òun wí. (Nínú ẹ̀kọ́ òwe, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò rọrùn láti sọ pé irọ́ ló ń pa.) Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹgbẹ́ òkùnkùn ló wọ̀. Baba rẹ̀ wá mú un lọ sílé. Oṣù 14 ni ó lò ní yàrá kan lẹ́yìn ilé nítorí pé ìdána ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń bọ̀, ìyá rẹ̀ sì ń sọ fún aládùúgbò pé ó ti lọ sí Kánò lọ́dọ̀ àbúrò òun. Ní òru ọjọ́ kan ó jágbọ́n ilẹ̀kùn, ó jáde. Àárín ọjà ìlú wọn ni ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́ bá a, láìwọ ẹ̀wù, lójú gbogbo ayé àti lójú àwọn àna tí a ń bo ọ̀rọ̀ náà mọ́ lójú.

Bí ìbòmọ́lẹ̀ ṣe ń sin ènìyàn dé ọjà nìyẹn. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nítorí pé kò sí ohun tó kù láti bò mọ́. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ohùn tó ń gbọ́ ti rọlẹ̀. Ọdún méjì kọjá kó tó padà sí ilé ẹ̀kọ́. Ó dá oògùn dúró lẹ́ẹ̀kan nítorí pé ó ń mú un sùn lọ́sàn-án, ó sì ń mú un sanra. Àìsàn náà padà, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti jáde báyìí, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà. Ó ṣì ń lo oògùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ti wà ní ilé ọkọ; ọkọ kò kọ̀ ọ́.

Ṣé ìran ni wèrè ń tọ̀? Ìbéèrè tí ìwádìí ìgbéyàwó ń béèrè gan-an nìyí, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn láìfi bo. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wa fúnra wọn kò kó gbogbo rẹ̀ sí apò kan: wọ́n ní wèrè ìran, wọ́n ní wèrè àmútọ̀runwá, wọ́n ní wèrè àfiṣe. Ìmọ̀ òde òní gbà pé ìran ní ipa tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ipa náà ti tó. Bí ọ̀kan nínú òbí bá ní èyí tó le jù nínú àwọn àìsàn wọ̀nyí, tí wọ́n ń pè ní schizophrenia, nínú ọmọ 10 irú òbí bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 9 ni kò ní ní i. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ní i kò ní òbí tó ṣe é. Ilé tí ẹ sá fún nítorí wèrè, ó lè má sí wèrè kankan mọ́ níbẹ̀. Èyí tí ẹ sì fẹ́ wọ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́la.

Nígbà tí àìsàn bá ti hàn tán, ọ̀dọ̀ ta ni a ń gbé ọmọ lọ? Kí a má tan ara wa: ọ̀dọ̀ adáhunṣe, ilé àdúrà tàbí ọ̀dọ̀ ààfáà ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ lọ. Èmi kò ní fi àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ewé àti egbò tí wọ́n ń lò fún wèrè láti ìgbà pípẹ́ ni aṣofẹ́yẹjẹ, èròjà tó wà nínú egbò rẹ̀ náà ni àwọn onímọ̀ yọ jáde lára ìbátan igi yìí ní 1952 tí wọ́n pè ní reserpine, tí ilé ìwòsàn òyìnbó náà sì lò fún asínwín fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ nítorí pé ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, ó sì ń mú ìbànújẹ́ bá àwọn kan, àti nítorí pé oògùn mìíràn, chlorpromazine, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ilẹ̀ Faransé ní 1952 kan náà, ṣiṣẹ́ jù ú lọ. Ìwọ̀n ni ìṣòro egbò: kò sí ẹni tó lè sọ iye èròjà tó wà nínú àgbo kan sí èkejì.

Ohun kan wà tí àwọn àgbà wọ̀nyí ń ṣe tí ilé ìwòsàn kò ní. Bí ara aláìsàn bá ti yá, oníṣègùn yóò mú un lọ sí odò tó ń ṣàn. Wọn yóò fi ẹyẹlé rúbọ, wọn yóò wẹ orí rẹ̀, wọn yóò bọ́ aṣọ tó fi ṣàìsàn fún odò kó gbé e lọ, yóò sì wọ aṣọ mìíràn. Raymond Prince, dókítà ọmọ ilẹ̀ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Àró ní òpin àwọn ọdún 1950, kọ̀wé nípa irú ètùtù yìí. Lójú mi, ìwúlò rẹ̀ pọ̀: ó ń sọ fún gbogbo ẹbí pé ẹni tó lọ ti padà dé, kí a pè é ní orúkọ rẹ̀, kí a fún un ní iṣẹ́ rẹ̀. Ilé ìwòsàn a máa fi káàdì àti àpò oògùn lé ènìyàn lọ́wọ́ ní ẹnu ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá ó ti yá tàbí kò yá. Ewu odò náà ni pé ó ń mú kí a rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Fún ẹni tí àìsàn náà kọlù lẹ́ẹ̀kan péré, ó kéré tán oṣù 12 lẹ́yìn tí ara bá ti yá ni a gbọ́dọ̀ fi máa lo oògùn nìṣó, dókítà ni yóò sì sọ ìgbà tí a óò dín in kù.

Ohun tí n kò lè gbà ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde nípa àwọn aláìsàn ọpọlọ tí a dè mọ́lẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ilé àdúrà, ní ilé kéwú, ní ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀, àti ní àwọn ibùdó ìjọba pàápàá. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023 ti rọ́pò òfin àtijọ́ tí ó ṣì ń pe aláìsàn ní asínwín tí a ń kó pa mọ́. Òfin wà lórí ìwé. Igi tí a ń so ènìyàn mọ́ ṣì wà nínú àgbàlá.

Ọ̀nà mìíràn wà, ọmọ wa ló sì là á. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Àró tí gbogbo ayé wá wò. Dípò kó ti aláìsàn mọ́lé, ó bá àwọn baálẹ̀ abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká sọ̀rọ̀, ó sì fi aláìsàn wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé. Ó ní òfin kan tí kò yẹ̀: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kó máa se oúnjẹ, kó máa fọṣọ, kó máa mú un lọ gba ìtọ́jú lówùúrọ̀, kí wọ́n sì jọ padà sí abúlé lọ́sàn-án. Ohun tí Lambo lò kì í ṣe nǹkan tuntun. Àṣà wa pé ẹnì kan kì í dá ṣàìsàn ni ó gbé wọ ilé ìwòsàn. Ẹbí tó ń ti ilẹ̀kùn náà ló sọ di apá kan oògùn.

Lẹ́yìn náà, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìwádìí lórí schizophrenia ní ìlú mẹ́sàn-án lágbàáyé, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìdajì kejì àwọn ọdún 1960, Ìbàdàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí wọ́n padà wo àwọn aláìsàn lẹ́yìn ọdún méjì, ti Ìbàdàn àti ti Agra ní Íńdíà sàn ju ti ọ̀pọ̀ ìlú ọlọ́rọ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀, èmi náà kò sì ní fi gbogbo rẹ̀ fún ẹbí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé ẹbí kò sí nínú rẹ̀.

Kí ló wá yẹ kí ilé tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ ṣe? Kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ibi tí dókítà ọpọlọ wà: Àró ní Abẹ́òkúta, Yábàá ní Èkó, UCH ní Ìbàdàn, tàbí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀. Bí ọ̀nà bá jìn, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn, kí dókítà ibẹ̀ kọ ìwé lé wọn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti wà lọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀, kò di dandan kí wọ́n bá a jà kí wọ́n tó lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrejé ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí kan jáde ní 2020, tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà: níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti ń lọ bá aláìsàn ní ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ilé àdúrà, tí àwọn méjèèjì jọ ń ṣe ìtọ́jú, ara àwọn aláìsàn yá ju ti ibi tí wọn kò ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Àdúrà ń lọ, oògùn náà ń lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ẹ ń kọ́kọ́ rí i, nígbà mìíràn kí ìyá tó rí i. Ọmọ tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣàdédé já wálẹ̀, tí kò sùn, tó ń fura sí gbogbo ènìyàn, ẹ pè é sí kọ̀rọ̀. Ẹ má bá a jiyàn pé rédíò kò sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì sọ pé ó sọ ọ́. Ẹ béèrè bó ṣe ń sùn, ẹ béèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù, ẹ béèrè ẹni tó fọkàn tán jù nílé, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí ẹni náà. Bí ó bá ń sọ pé òun yóò pa ara òun tàbí ẹlòmíràn, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀rọ ya àwòrán ẹgbẹ́ yín tí orí rẹ̀ dàrú. Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ.

Ní ti ìwádìí, n kò rò pé yóò parẹ́, kò sì yẹ kó parẹ́. Mo wà níbi ìtọrọ kan láìpẹ́ yìí, ní ìhà Ìjẹ̀bú. Kí wọ́n tó gbé obì sílẹ̀, baba ìyàwó dìde, ó ní kí àwọn àna má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, pé àbúrò ìyàwó ti ṣàìsàn ọpọlọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, pé Àró ni wọ́n gbé e lọ láàrin oṣù kan, pé òun náà nìyẹn tó ń gbé àga fún àlejò. Gbogbo ilé dákẹ́. Bàbá àgbàlagbà kan láti ilé ọkọ wo ọmọkùnrin náà fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ṣé ó ń lo oògùn rẹ̀?" Ìyá ọmọ náà dáhùn pé, "Ó ń lò ó, bàbá, èmi ni mò ń kà á fún un." Bàbá náà ní kí wọ́n gbé obì wá.